Alùpùpù Bàbá Tí Kì í Gun Òkè

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó ti ń rùn, ẹ jẹ́ ká gbé e síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Obìnrin tó ni ín kò ní kí n bo nǹkan kan. Ó ní, "Bí o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́ tán. Má fi ibi tó korò sílẹ̀ nítorí tèmi." Èmi náà kò kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni bí ojú irọ́ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá bá a. Èmi ti rí i. Ó máa ń rí bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán.

Mọkáníìkì alùpùpù ni obìnrin yìí. Etí Ehoro ni àdúgbò ń pè é, nítorí pé etí ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí alùpùpù bá ṣì wà ní ìpẹ̀kun òpópónà, á ti mọ èyí tó ń jẹ epo jù, á sì mọ èyí tí ẹni tó ni ín ń purọ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà. Ní yàrá iwájú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ránṣọ. Àjò-Yá ni wọ́n ń pe ìyẹn, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe, torí pé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, gbogbo òwúrọ̀ ló ń kéde pé àjò yá, òun ń lọ. Irun orí ti wá funfun, ọkùnrin náà kò tíì kọjá òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀gbọ́n kò lọ́kọ, àbúrò kò láya, àwọn méjèèjì nìkan ló sì kù nínú ilé tí òbí wọn fi sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń dún níwájú, tí òòlù ń dún lẹ́yìn, àwọn aládùúgbò á ní, "Ẹ wo ọmọ ìyá, ẹ wo ìfẹ́." Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Ẹ ó gbọ́ irú èyí tó jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò wẹliwẹli ti ń rọ̀ láti àárọ̀, irú òjò tí kì í pariwo, tí kì í sì í tán. Ní òdìkejì títì, wọ́n ń la pákó, ìyẹ̀fun igi sì dà pọ̀ mọ́ òjò títí gbogbo ọ̀nà fi dà bí ohun tí èèyàn ń wò láti abẹ́ aṣọ ìbora. Etí Ehoro jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ọ̀pá rọ́bà tó fi ń gbọ́ ẹ̀rọ wà lọ́rùn rẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Ó tún lá àlá rẹ̀. Àlá náà ti bá a gbé tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti di aládùúgbò: àbúrò rẹ̀ ń gun alùpùpù bàbá wọn kọjá lọ, ẹ̀rọ náà kò dún rárá, kò dún bíi ti eṣinṣin pàápàá, òun sì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pè é, ẹnu òun náà kò sì dún. Ohùn ọkùnrin kan ló jí i láti yàrá iwájú.

Awakọ̀ tó ń kó pákó wá láti ẹ̀yìn òkè ni. Ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àjò-Yá? Nọ́ọ̀sì kan ló rán mi sí yín. Ó ní kí n bèèrè bóyá ẹ ṣì wà láyé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti èṣí. Ó ní bí ẹ bá ṣì ń bọ̀, òun ò tíì ti ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn-ún gbọ́. "Bá mi kí i dáadáa. Sọ fún un pé ọ̀nà ló kọ̀ mí. Bàbá mi tó wà lọ́run ló ní kí n má lọ, n kò sì lè bá òkú jà."

"Òkú wo ló ń dí ọ̀nà yẹn?" ni awakọ̀ wí. "Èmi tí mo ń gba ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màlúù nìkan ló ń dí mi lọ́nà."

"Tìẹ nìyẹn. Tèmi ni mò ń sọ."

"Ó dáa o. Ẹ jẹ́ kí n já pákó mi sílẹ̀. Bí mo bá ń pa dà, màá tún yà. Bóyá Bàbá á ti yí ọkàn pa dà."

Etí Ehoro gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bàbá ló ní kí n má lọ! Ó mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, torí ẹnu tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín yékéyéké: bí ó bá dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, awakọ̀ á gbé èsì lọ, Nọ́ọ̀sì á ti ilẹ̀kùn, àbúrò á sì jókòó tì í títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi sin èkejì. Ohun tó ti fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ó ti wá bọ́ sí i lọ́wọ́ pátápátá. Bí ó bá sì lanu, ẹni kan ṣoṣo tó ní láyé á lọ, ó sì lè máà fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́. Ó dìde. Ó ní òun kò rántí pé òun rìn, àfi bí òun ṣe rí ara òun ní yàrá iwájú láàárín àjákù aṣọ, tí òun sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Háà, Àǹtí! Kí ló dé? Ẹ dìde nílẹ̀."

"Fi mí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí àga. Bí o bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́, o ò sì ní gbọ́ òtítọ́ náà láé."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí, n kò fi tèmi kún un.

"Kì í ṣe ọ̀nà ló kọ̀ ọ́. Kì í ṣe Bàbá. Ọwọ́ mi yìí ni. O mọ̀ pé kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, méjì ló wà lára alùpùpù Bàbá, méjì bí ihò imú, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń mí fún. Bí wọn ò bá mí dọ́gba, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n. Bàbá ló kọ́ mi láti ki ọ̀pá rọ́bà sétí, kí n gbé ẹnu rẹ̀ síwájú ọ̀kan, kí n gbọ́ bó ṣe ń fa atẹ́gùn, ṣìì, kí n tún gbé e síwájú èkejì. Ó ní kí n máa yí nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀. Ó ní, 'Bí o bá dijú, tí o ò mọ èyí tí o wà nídìí rẹ̀ mọ́, wọ́n ti dọ́gba nìyẹn.' Bí mo bá ti dé ibẹ̀, ó máa ń dà bíi pé mo ń sùn láàárín ẹni méjì tó ń sùn. N kò mọ adùn tó jù ú lọ. Ẹ̀bùn tí Bàbá fún mi nìyẹn, òun náà ni mo fi ṣe ọ́ níkà.

"Nígbà tí wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì, àfẹ́sọ́nà rẹ, lọ síṣẹ́ lẹ́yìn òkè, o ní alùpùpù Bàbá lo máa gùn lọ bá a, pé lẹ́yìn rẹ̀ lo máa gbé e kiri ìlú. O rán kóòtù aláwọ̀ búlúù fún ara rẹ. O ń kọrin. Mo wò ọ́, mo wo ilé yìí. N kò dá sùn nínú rẹ̀ rí láyé mi. Kì í ṣe olè ni mo ń bẹ̀rù, kì í ṣe iwin. Bó ṣe máa dákẹ́ ni. O ní, 'Àǹtí, ẹ bá mi tún un ṣe, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.' Mo tún un ṣe. Wọ́n dọ́gba, wọ́n ń mí bí ọmọ ọwọ́. Ó yẹ kí n gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. N kò gbé e kúrò. Mo yí nọ́ọ̀tì orí wáyà ọ̀kan díẹ̀ péré, díẹ̀ tí ojú ò lè rí. Níbi tí ẹ̀rọ bá dúró sí, á máa dún dáadáa. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, á kàn máa gbọ̀n díẹ̀. Àmọ́ bí o bá fún un níná lórí òkè, ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́, èkejì á máa wòran, títí èyí tó ń ṣiṣẹ́ á fi gbóná, tí á kú. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni. Jẹ́ kó pa dà wá jẹun alẹ́ òní, ọ̀la ni màá tún un ṣe. Ìkà ló máa ń sọ pé ọ̀la ni òun máa jáwọ́.

"O tì í pa dà wálé. Mo gbé omi gbígbóná fún ọ. Gbọ́ o, inú mi dùn! Mo ń rọ omi, mo ń dárò pẹ̀lú rẹ, inú mi sì ń dùn. O tún gbìyànjú, òkè náà tún dá ọ pa dà. Ìgbà yẹn ni o sọ fún mi pé awakọ̀ kan dúró lórí òkè, ó tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà, ó ní, 'Ọ̀gá, àwọn méjèèjì yìí ò mí bákan náà.'"

"Mo rántí," ni àbúrò wí jẹ́jẹ́. "Mo di ọkùnrin yẹn ní aṣọ mú."

"O dì í ní aṣọ mú nítorí mi! O ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ló tún un ṣe, ta lo jẹ́?' O sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìgbéraga, àwa méjèèjì jọ fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo lọ bì. Kí o má ṣe tìtorí èébì yẹn ṣàánú mi, nítorí pé bí mo ṣe bì tán ni mo fọ ẹnu, mo sì yí nọ́ọ̀tì náà sí i.

"Ó wá ku ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì dá fún ọ. O gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, o ní, 'Àǹtí, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ti máa dúró dè mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mi ò bá dé, á gbà fún ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ mú wá.' Mo gbọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, n kò tilẹ̀ de nọ́ọ̀tì náà le, kí gbígbọ̀n ẹ̀rọ lè máa tú u fúnra rẹ̀. Òjò bá ọ lórí òkè, níbi tó ti máa ń kú gan-an. Kò sí ọkọ̀ tó tún ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. O wọlé, omi ń kán lára rẹ, o jókòó sórí àga Bàbá. O ò sunkún. O kàn bi mí pé, 'Àǹtí, àbí ọ̀nà yìí kọ̀ mí ni?'

"Bí mo bá jẹ́ èèyàn ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti lanu. Mo sì lanu. Mo ní, 'Mo lá àlá Bàbá lánàá. Ó ní kí o má lọ.' N kò lá àlá kankan! Mo fi irọ́ sẹ́nu òkú. Bàbá tí kò purọ́ fún wa rí láyé, èmi ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́ lọ́run. O ò bi mí léèrè ohun kan. O mú kóòtù búlúù yẹn, o jókòó síbi tí o wà yìí, o sì ń tú u, ojú abẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi di aṣọ lásán. Láti ọjọ́ náà ni àlá ti ń wá bá mi lóòótọ́. N kò rí Bàbá níbẹ̀ rí. Ìwọ ni mò ń rí."

Ó tán. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli lórí páànù. Àbúrò fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wo ìta bí ẹni pé títì náà jìnnà gan-an. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀rù bà mí pé màá dá wà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ó yíjú sí i wàyí. "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ ọ́? Ǹ bá ti pa dà wá mú yín. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ máa gbé níbì kan tí ẹ ò sí? Mo ti sọ fún Nọ́ọ̀sì pé yàrá mẹ́ta la máa nílò!"

Ẹ gbọ́ mi, nínú gbogbo ọdún tí obìnrin yìí fi ń dààmú, tó ń yí nọ́ọ̀tì, tó ń bì, tó ń lálàá, èyí kò wá sí i lọ́kàn rí. Kò wá sí i lọ́kàn rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yàrá mẹ́ta. Ó dojú bolẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, ó sunkún bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà.

Àbúrò jẹ́ kó sunkún. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ká tapólì kúrò lórí alùpùpù Bàbá, tí wọ́n ṣì ń gùn láàárín ìlú, ó sì pè é. "Ẹ wá tún un ṣe. Mo fẹ́ máa wò yín."

Etí Ehoro tan ẹ̀rọ náà. Ó jẹ́ kó gbóná díẹ̀. Ó ki rọ́bà sétí, ó yí nọ́ọ̀tì, ó gbọ́ ọ̀kan, ó gbọ́ èkejì, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ rọ́bà náà, ó nà án sí àbúrò rẹ̀. "Gbọ́ ọ fúnra rẹ. Má gbà mí gbọ́." Àbúrò gbà á, ó gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì, ó tún pa dà sí ti ọ̀tún, ó sì dijú. Ẹ̀gbọ́n wá fún ẹ̀rọ níná díẹ̀díẹ̀. Gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Dígí tó wà lára ọwọ́ alùpùpù, tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti yí nọ́ọ̀tì náà ló ti máa ń gbọ̀n tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan gidi nínú rẹ̀, dúró jẹ́ẹ́. Àbúrò lajú, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀: ọkùnrin tó ti ń darúgbó, tí ìyẹ̀fun igi bà lé orí rẹ̀, tàbí kó jẹ́ ewú lásán.

"Bó ṣe ń dún nìyí?"

"Bó ṣe ń dún nìyẹn."

"Ní gbogbo ọdún yìí, bó ṣe yẹ kó máa dún nìyí?" Omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Kò nù ún.

Awakọ̀ pákó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń lọ o. Kí ni kí n wí fún Nọ́ọ̀sì?"

"Má wí nǹkan kan fún un," ni àbúrò dáhùn. "Màá wí i fúnra mi."

Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Etí Ehoro kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ̀gbọ́n ń kúnlẹ̀ fún àbúrò, àwọn ará ibi pákó sì ń wò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ọmọ ìyá mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má fi ṣe ti ọjọ́ orí mi. Dárí jì mí."

Àbúrò gun alùpùpù.

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná."

Ó lọ. Kò wẹ̀yìn. Etí Ehoro dúró sínú òjò, ó ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ ní ìkóríta, ó gbọ́ ọ nídìí òkè, ó gbọ́ ibi tó ti máa ń kú gan-an, ó sì di ẹ̀mí rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ náà kò kú. Ó ń gun òkè lọ, ó ń mí dọ́gba, títí ohùn rẹ̀ fi wọ inú òjò, tí a ò mọ èyí tí í ṣe òjò mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé dákẹ́ bó ṣe máa ń bẹ̀rù pé á dákẹ́. Kò pa á. Ó ń sùn, kò sì lálàá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé alùpùpù wá bá a ń bèèrè ibi tí Àjò-Yá wà, ó sì ń sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí ojú fi ń ti àwọn tó ń gbọ́. Ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn yóò lọ, ẹ lanu, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà yín. Ó lè jẹ́ pé ó ti ní yín lọ́kàn tẹ́lẹ̀."

Awakọ̀ pákó tún dé. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí Etí Ehoro fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Àǹtí, télọ̀ ní kí n kí yín," ni awakọ̀ wí. Ó fa ètè, bí ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an ṣe máa rí létí ẹni tó máa gbọ́ ọ. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti débẹ̀. Ó ní Nọ́ọ̀sì kí yín. Ó wá ní... ẹ má bínú sí mi o, bó ṣe wí i ni mo ṣe wí i... ó ní ẹ lè wá bẹ òun wàyí."

Etí Ehoro yọ ọ̀pá rọ́bà kúrò lọ́rùn. Ó wo ilé, ó wo ọkọ̀ tó kún fún òórùn igi tútù.

"Bí o bá já pákó yìí tán," ló bi í, "ṣé àyè á wà fún mi níwájú?"